Ohun Tí Omi Bò Lára Ọkọ̀

Oríṣi méjì ni àwòṣe ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń tà nínú páálí fún àwọn tó fẹ́ràn àtitò. Oríṣi kìn-ín-ní ní gbogbo ara ọkọ̀, láti orí òpó títí dé ìdí tó wà nísàlẹ̀ omi. Oríṣi kejì dúró síbi tí omi dé lára ọkọ̀. Wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ sọnù kí ó lè jókòó pẹrẹsẹ lórí tábìlì, bí ẹni pé ojú òkun ló wà. Lọ́dún 1971 ni àwọn ilé iṣẹ́ mélòó kan ní ìlú Shizuoka lórílẹ̀-èdè Japan fìmọ̀ ṣọ̀kan láti máa ṣe irú èyí tí kò nídìí yìí, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo wọn: mítà 7 lójú òkun á di sẹ̀ǹtímítà 1 lórí tábìlì. Bí ẹnìkan bá fi ìwọ̀n yẹn ṣe NNS Aradu, ọkọ̀ ogun Nàìjíríà tó lókìkí jù lọ, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 126, àwòṣe náà kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Ẹ óò rí ìbọn ńlá iwájú rẹ̀, ẹ óò rí ibi tí hẹlikópítà ń bà sí lẹ́yìn, ẹ óò sì rí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń gbọ́ ohùn ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí omi bò nìkan ni ẹ kò ní rí. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí omi bò yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe bí ìbọn ọkọ̀ ṣe tóbi tó ni Gẹ̀ẹ́sì fi wọ Èkó lọ́dún 1851. Bí ìdí ọkọ̀ kò ṣe jìn sínú omi ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ yìí kan náà ló sì ń darí ìlú náà láti ìgbà yẹn títí di òní.

Aradu fúnra rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Ilé iṣẹ́ Blohm + Voss ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, ló kọ́ ọ, ó sì wọṣẹ́ lọ́dún 1982. Irú ètò tí wọ́n ń pè ní MEKO 360 ni, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ohun ìjà rẹ̀ wà nínú àpótí ńláńlá tí wọ́n ti parí sí ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn wá dè mọ́ ara ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tàbí tó bá di àtijọ́, wọn a yọ ọ́, wọn a fi òmíràn rọ́pò. Argentina ra mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, destroyer ni wọ́n sì ń pe tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé frigate ni Nàìjíríà pe tirẹ̀. Lọ́dún 2005, Aradu wà lára àwọn ọkọ̀ tó lọ sí Portsmouth nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìrántí igba ọdún ogun Trafalgar. Ṣùgbọ́n ibùdó tí àwọn ọkọ̀ ológun ojú omi wa ń dúró sí ní Àpápá, tó kọjú sí erékùṣù Èkó gan-an, NNS Beecroft ni orúkọ rẹ̀. Beecroft sì ni orúkọ kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí rírọ̀jò ìbọn lé Èkó lórí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ń kọjá lójú orúkọ yẹn lójoojúmọ́ tí wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Erékùṣù Èkó kò kọjú sí òkun tààrà. Inú ọ̀sà ló wà, ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀sà náà sì gbà ń bọ́ sínú òkun ní agbègbè yìí. Lẹ́nu ibẹ̀, ìṣàn tó ń bọ̀ láti inú ọ̀sà ń pàdé ìgbì òkun, iyanrìn tí àwọn méjèèjì ń wọ́ kiri a sì wó jọ sábẹ́ omi bí òkìtì. Òkìtì yìí kì í gbé ojú kan. Ọ̀nà tí atukọ̀ gbà wọlé lóṣù yìí lè ti dí kó tó di oṣù tó ń bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó wà lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ púpọ̀, ìgbì a sì máa fọ́ lórí rẹ̀ gbàgà, ẹja ekurá a máa dúró de ẹni tí ọkọ̀ bá dojú rẹ̀ dé. Nítorí náà, ọkọ̀ ńláńlá tó ń ti Yúróòpù àti Brazil bọ̀ kì í wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ń dúró sí, àwọn ọkọ̀ igi ni ó sì ń gbé ẹrù, ẹrú, epo àti ọtí la ìgbì kọjá. Gbogbo ọba tó jẹ ní Ìgá Ìdúngànrán mọ̀ pé odi ìlú wọn kì í ṣe amọ̀. Iyanrìn abẹ́ omi ni.

Bí odi yẹn ṣe lágbára tó hàn nínú ìtàn àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lépa àwọn oníṣòwò ẹrú. Láti ọdún 1808 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ọkọ̀ ogun wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti mú ọkọ̀ tó bá kó ẹrú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Èkó ń di ọjà ẹrú tó lókìkí jù lọ ní etíkun wa. Àwọn ọkọ̀ ogun náà ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójú òkun. Wọ́n ní ìbọn tó lè fọ́ ilé amọ̀ túútúú. Wọ́n mú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú lójú agbami, lára ohun tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó gbé ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn, Àjàyí, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn ọ̀la. Èkó ni wọ́n ti gbé e kúrò lọ́dún 1822. Wọ́n ń mú ọkọ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ìlú tó ń kó o jáde. Ó lé ní ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí. Ẹni tó bá ní agbára ìbọn ló ń ṣẹ́gun ìlú yóò ní láti sọ fún wa ohun tí ìbọn wọn ń ṣe fún ogójì ọdún.

Ohun tó yí padà ni irin àti èéfín. Láàárín ọdún 1830 sí 1850, àwọn ará Britain kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irin kan ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tó lè rìn nínú omi tí kò jìn, tí kò sì ní láti dúró de afẹ́fẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ló ń tì í. Odò Ọya ni wọ́n ti dán an wò. Ọkọ̀ onírin Alburkah, ti ìdílé Laird, gun odò náà lọ lọ́dún 1832. Lọ́dún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. John Beecroft, ẹni tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ti gbé Fernando Po fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti fi ọkọ̀ èéfín Ethiope gun àwọn odò agbègbè yìí kó tó di kọ́ńsúlù lọ́dún 1849. Kò ṣe mí ní kàyéfì pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà pé wọ́n lè wọ Èkó. Àwọn ọ̀gágun ojú òkun ń wo òkìtì iyanrìn bí ògiri. Òun ti mọ̀ pé ògiri tí ọkọ̀ kan kò lè kọjá, ọkọ̀ mìíràn lè gba orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjà àwọn ọmọ ọba kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀, nítorí ó ti di mímọ̀. Akítóyè jọba lọ́dún 1841. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lé e kúrò lórí oyè lọ́dún 1845 nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Olómirò. Akítóyè sá gba Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì, níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti gbà á níyànjú kó bẹ Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́, kó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Lọ́dún 1851 Crowther wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí Palmerston, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì rí Ọbabìnrin Victoria. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà Beecroft lọ bá Kòsọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Kòsọ́kọ́ kò gbà. Ní ọjọ́ 25, Beecroft tún wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ èéfín Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ kéékèèké tó kún fún ọmọ ogun, àsíà funfun wà lókè, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó kò tan ara wọn jẹ lórí ohun tí ọmọ ogun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá ṣe. Wọ́n yìnbọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti iná bọ ilé díẹ̀, òpópó tóóró ìlú àti ìbọn láti ẹ̀yìn ògiri sì lé wọn padà sínú omi. Méjì nínú àwọn ọ̀gá wọn kú.

Oṣù kejìlá ni ó yẹ ká dúró wò fínnífínní. Kọmodó Henry Bruce, olórí gbogbo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun yìí, wá fúnra rẹ̀ nínú Penelope. Ọkọ̀ ńlá ni Penelope. Lọ́dún 1829 ni wọ́n sọ ọ́ sómi, tòun ti ààyè fún ìbọn 46. Nígbà tó di ọdún 1843, wọ́n ti là á sí méjì láàárín ní Chatham, wọ́n fi kún gígùn rẹ̀ kí ẹ̀rọ àti èédú lè rí ibi gbé. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó ní ìjà nínú jù lọ ní gbogbo etíkun Áfíríkà. Síbẹ̀ ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn ló dúró sí látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ogun, òun àti ọkọ̀ ńlá mìíràn tó ń jẹ́ Sampson, nítorí ìdí wọn jìn jù. Àwọn tó wọlé ni Bloodhound, ọkọ̀ onírin kékeré tí wọ́n kàn ní Glasgow, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ gbọ́n omi, àti Teazer, tó tún kéré sí i, tí àjẹ̀ rẹ̀ ń yí lábẹ́ omi lẹ́yìn. Wọ́n kó ọmọ ogun àwọn ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ àjẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Ọ̀gágun Lewis Jones ti Sampson fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lójú òkun kó lè darí ogun náà nínú ọkọ̀ tí kò tó tirẹ̀.

Kòsọ́kọ́ àti Ọ̀ṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, kò jókòó kawọ́ gbera. Wọ́n gbẹ́ yàrà lọ ní etí omi, wọ́n gbé ìbọn ńlá sí i, wọ́n sì ri èèkàn sínú omi níbi tí kò jìn, kí ọkọ̀ àjẹ̀ má lè rọra sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn èèkàn yìí dáadáa. Ẹni tó ri wọ́n kò rò pé òun lè fi ìbọn borí ìbọn. Ó mọ̀ pé ọ̀nà tí ọ̀tá yóò gbà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ ní jíjìn, ó sì fẹ́ gba ìwọ̀nba náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26, ohun tó fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ. Bloodhound há sínú iyanrìn. Teazer náà há, ìbọn etí omi sì ń bá a níbi tó dúró sí gbagidi. Kí wọ́n má baà fọ́ ọ mọ́ ojú kan, Lyster, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ìbọn náà. Wọ́n kan ìṣó mọ́ ojú ihò tí wọ́n fi ń fi iná sí ẹ̀tù, kí ìbọn má lè dún mọ́. Bí wọ́n ṣe ń padà sínú ọkọ̀ wọn ni àwọn ará Èkó ya bò wọ́n, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kú lógun náà kú sí. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ pọ̀ ju àwọn tó kú lọ fíìfíì. Nígbà tí Teazer bọ́ nínú iyanrìn, tó sì dé ẹ̀gbẹ́ Bloodhound ní ọjọ́ 27, wọ́n rọ̀jò ìbọn àti rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìlú. Ọ̀kan bọ́ sí ilé ẹ̀tù, ó bú gbàmù, iná ràn, ó sì jó apá púpọ̀ nínú ìlú. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ọ̀sà lọ sí ìhà Ìjẹ̀bú. Ogun Àgídìngbì ni Èkó ń pè é títí di òní.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni gbogbo èyí, pé ká má fi iyanrìn bo ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi ti jiyàn lọ́dún 1961 pé ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sí òwò Èkó àti sí ọ̀nà tó wọ ilẹ̀ Yorùbá lágbára nínú ọ̀rọ̀ náà ju òwò ẹrú tí wọ́n ń pariwo lọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo tún gbà pé bí kò bá sí ìjà láàárín ìdílé ọba, Gẹ̀ẹ́sì ì bá ti rí àwáwí díẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Owó wà ní Èkó lọ́dún 1820, ìjà ọba kò sì jẹ́ tuntun nígbà náà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì náà wà lójú òkun. Ohun tí kò sí ni ọkọ̀ èéfín tó lè kọjá lórí iyanrìn. Òṣèlú sọ ìdí tí wọ́n fi wá fún wa. Kò sọ ìdí tí wọn kò fi wá ṣáájú.

Àwọn mìíràn yóò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ló jó Èkó, nítorí náà ìjà náà jẹ́ ti ohun ìjà lẹ́yìn ohun gbogbo. Òótọ́ ni pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ló dá iná náà sílẹ̀, n kò sì ní fojú kéré ikú àti òfò tó bá ìlú. Ẹ wò ó báyìí: àwọn ìbọn tó tóbi jù lọ ní ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà wà nínú Penelope, kò sì sí èyí tó kó ipa kankan nínú ìjà náà. Ní oṣù kọkànlá, ọmọ ogun wọn dé inú ìlú gan-an, wọ́n sì sá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oṣù méjèèjì ni pé ní oṣù kejìlá, àwọn ọkọ̀ kéékèèké náà lè dúró pẹ́ létí ìlú, kódà lẹ́yìn tí wọ́n há, tí wọ́n sì tún bọ́. Ọ̀nà tí ohun ìjà fi dé ibi tó ti ṣiṣẹ́ ni mo ń sọ. Nígbà tí Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1852, inú Penelope ló ti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Ọba ìlú ló jáde lọ bá ọkọ̀ tí kò lè wọlé wá bá a.

Ìgbà tó tẹ̀ lé e túbọ̀ fi èyí hàn. Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ní ìlà-oòrùn ọ̀sà, níbi tí omi kò ti jìn, tí ọkọ̀ igi rẹ̀ sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ó tún gbìyànjú láti gba Èkó padà lọ́dún 1853, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nítòsí sì kún ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò lé e kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tí Kọ́ńsúlù Campbell ṣe ni pé ó bá a ṣe àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854: Kòsọ́kọ́ gbà láti má dí Èkó lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Palma, ní etíkun lẹ́bàá Orímẹdú, jẹ́ èbúté tirẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó jó Èkó lọ́dún 1851 kò ní fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀ bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ lè dé ibẹ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ní ọdún 1861, ìgbà Dòsùmú ọmọ Akítóyè, ọkọ̀ ogun Prometheus wà nínú ọ̀sà, ó kọjú sí ìlú, Bedingfeld ọ̀gá rẹ̀ àti McCoskry tó ń di ipò kọ́ńsúlù mú sì jẹ́ kí ọba mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá fọwọ́ síwèé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ilé kankan kò jó lọ́jọ́ náà. Ìlú ti rí ohun tí ọkọ̀ tó bá wọ inú ọ̀sà lè ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Kòsọ́kọ́ padà wálé, tí àwọn ènìyàn Ọ̀ṣòdì tó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ sì tẹ ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó.

Ohun tó yani lẹ́nu jù fún mi nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé iyanrìn tó dáàbò bo ọba ló wá di wàhálà fún ìjọba tó gba ìlú lọ́wọ́ ọba. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó nítorí òwò, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ òwò wọn kò lè wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ń dúró lójú òkun, wọ́n ń fi ọkọ̀ kéékèèké kó ẹrù la ìgbì. Nígbà mìíràn, ẹrù Èkó ní láti lọ gba èbúté Forcados yípo. Wọ́n ti la rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, síbẹ̀ ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin kó dé etí omi kò rí ọkọ̀ òkun tó lè wá gbé e níbẹ̀. Lọ́dún 1907 ni wọ́n mú ọkọ̀ agbẹ́yanrìn wá, wọ́n fi orúkọ Gómìnà Egerton sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sínú òkun, ògiri gbọọrọ ní ọ̀tún àti ní òsì ẹnu òkun, kí ìṣàn omi lè máa gbá iyanrìn lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní fi máa bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ òkun ti ń wọ inú ọ̀sà. Iyanrìn tí ògiri náà dá dúró lápá ìwọ̀-oòrùn kò dé ìlà-oòrùn mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach wọlé lọ́dọọdún. Owó tí ìjọba ti ná láti ìgbà náà láti dá òkun yẹn padà kúrò ní Victoria Island kò kéré, ọ̀kan náà sì ni àìsàn tí wọ́n ń wò.

Èbúté Àpápá, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1926, ló jèrè iṣẹ́ náà, orí rẹ̀ sì ni òwò Nàìjíríà dúró lé fún ìyókù ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ọkọ̀ tó ń kó kọ̀ntéínà ń tóbi sí i lọ́dọọdún, ìdí wọn sì ń jìn sí i, títí wọ́n fi tún kọjá agbára ẹnu òkun Èkó. Wọ́n ń já ẹrù ilẹ̀ wa sí èbúté orílẹ̀-èdè mìíràn kí ọkọ̀ tó kéré tó gbé e wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé Forcados. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ èbúté tuntun síta, níbi tí kò sí òkìtì iyanrìn tí ọkọ̀ ní láti kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i, omi rẹ̀ sì jìn tó mítà 16.5. Lẹ́kí ló wà, ní etíkun ìlà-oòrùn tí Kòsọ́kọ́ ti ń kó ọjà rẹ̀ sókun lẹ́yìn tí Èkó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.